Jíbówú: Orúkọ Inú Àgbẹ̀dẹ

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Yaba, tí ó sì gba Ojú Ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí ìhà àríwá, yóò gbọ́ bí agbowó-ọkọ̀ ti ń ké orúkọ ibùdókọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Jíbówú, Fádéyì, Onípàánù, Ọbaníkòró. Bí ọ̀nà bá dá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkọ̀ yóò fi kọjá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ wọ̀nyí ti wá jìnnà sí ara wọn. Fádéyì jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí ilé Ifá. Onípàánù ń sọ fún ni pé ẹni tí ó ní pàánù, tàbí tí ń tà á, ni a fi ń júwe ibẹ̀. Ọbaníkòró jẹ́ oyè láàárín àwọn ìjòyè Èkó. Ìtumọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí kò ṣòro fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Jíbówú ni ó ń da àwọn èrò láàmú. Bí a bá bi ẹni mẹ́wàá nínú ọkọ̀ kan náà léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, àfàìmọ̀ kí mẹ́sàn-án wọn má wí pé orúkọ ibi tí a ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìbíní, Onitsha àti Owerri ni, kí wọ́n sì dákẹ́.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ibùdó àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ sí ìlà-oòrùn mọ Jíbówú. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ni kí ó tó di orúkọ àdúgbò, ìrísí rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni ẹ̀rí. Àwọn Yorùbá kì í sọ ilẹ̀ ní orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíjí. Ilẹ̀ kì í sùn, kì í sì í jí. Ọmọ ni ó ń jí.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe orúkọ náà kò lọ́jú pọ̀ bí a bá dá a padà sí bí ó ti wà ní kíkún. Ajíbówú ni Jíbówú, gẹ́gẹ́ bí Jíbọ́lá ti jẹ́ Ajíbọ́lá, tí Jíbádé sì jẹ́ Ajíbádé. Fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ni ó bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu àwọn tí ń pè é lójoojúmọ́. Nínú Ajíbówú, a rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn a- tí ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ: jí, bá, àti owú. Bá pàdánù fáwẹ̀lì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ó wà lórí rẹ̀ kò ṣègbé. Ó bọ́ sórí fáwẹ̀lì owú, bá owú sì di bówú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bá oyè ti di bóyè nínú Ajíbóyè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ṣókí, nígbà náà, ni ẹni tí ó jí tí ó bá owú nílẹ̀.

Èwo wá ni owú? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí a lè kọ sílẹ̀ ní o, w, u láìfi àmì sí i ju ẹyọ kan lọ ní èdè Yorùbá. Òwú wà, èyí tí àwọn obìnrin ń ran, tí a sì fi ń hun aṣọ. Òwu wà, ìlú olókìkí tí ogun fọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Owú wà, èyí tí òjòwú ń jẹ. Owú kan sì tún wà nínú ilé arọ, irin àwọn alágbẹ̀dẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí Jibowu lára pátákó, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti ṣiyèméjì láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohùn ni yóò kọ́kọ́ yọ méjì kúrò. Òwú àti Òwu ni ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì wọn àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í parẹ́ láìfi àmì sílẹ̀ nígbà tí ohùn òkè bá ṣáájú rẹ̀. Rí ọ̀bẹ a di rọ́ọ̀bẹ. Etí a máa gbọ́ bí ohùn ti ń wálẹ̀ láàárín rẹ̀. Bí ó bá ṣe òwú alásọ ni, tàbí ìlú Òwu, a kò ní gbọ́ ohùn òkè mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn, jí-bó-wú, bí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà ti ń pè é. Ó ku owú méjì, èyí tí ohùn wọn bá ara wọn mu pátápátá. Ohùn kò lè ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Àṣà ìsọmọlórúkọ ni a ní láti bi.

Àwọn kan a máa yára wí pé owú jíjẹ ni, pé ọmọ tí a bí nígbà tí àwọn orogún ń jà ni Ajíbówú. Àlàyé náà kò ṣàì ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró, nítorí Yorùbá kì í fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé pa mọ́ nígbà tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀tẹ̀ gan-an wà nínú orúkọ. Ṣùgbọ́n kí a wo bí ó ti wà níbẹ̀. Ọ̀tẹ́dọlá kò dúró lórí ọ̀tẹ̀: ọ̀tẹ̀ náà di ọlá. Bí ohun búburú bá wọ inú orúkọ, ọ̀rọ̀ mìíràn a tẹ̀lé e láti ṣẹ́gun rẹ̀. Nínú Ajíbówú, kò sí ohun tí ó ṣẹ́gun owú náà; òun ni ó gbẹ̀yìn orúkọ, òun sì ni ohun tí ọmọ jí bá. Kí a sì wo àwọn orúkọ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá: adé, oyè, ọlá. Ohun tí ilé ní, tí ó sì fi ń yangàn, ni ó ń wà ní ipò yìí. Bàbá tí yóò pe ọmọ rẹ̀ síta ní ọjọ́ kẹjọ, tí yóò sì sọ fún gbogbo ẹbí pé owú jíjẹ ni ogún tí òun fi sílẹ̀ dè é, ṣọ̀wọ́n. Owú ti inú àgbẹ̀dẹ ni ó yẹ ibẹ̀.

Owú yìí yẹ ní àlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ kò rí i rí. Òun ni irin wíwúwo tí a rì mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ ìtì igi láàárín ilé arọ, tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin gbígbóná lé láti lù ú. Èyí tí ó fi ọwọ́ mú láti fi lù ni ọmọ owú. Èdè fúnra rẹ̀ ni ó ṣe àlàyé yìí, nítorí ọ̀nà kan náà ni Yorùbá fi ń pe àwọn ohun èlò tí wọ́n jẹ́ méjìméjì: odó dúró, ọmọ odó ń gún, ọlọ dúró, ọmọ ọlọ ń lọ̀, owú dúró, ọmọ owú ń lù. Ìyá ni èyí tí ó gba ìyà. Àwọn kan a máa pe èyí tí a fi ń lu irin náà ní owú láìfi ọmọ ṣáájú, ṣùgbọ́n èyí kò yí orúkọ padà. Yálà èyí tí a ń lù lé ni tàbí èyí tí a fi ń lù, irin-iṣẹ́ tí àgbẹ̀dẹ kò lè ṣe aláìní ni.

Jíjí tí ó wà nínú orúkọ náà bá iṣẹ́ yìí mu ju bí a ti rò lọ. Ilé arọ kì í ní ògiri púpọ̀. Òrùlé ni, lórí òpó, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé láti da èédú sílẹ̀, kí ó sì fi ẹwìrì fẹ́ iná títí yóò fi pọ́n. Òwúrọ̀ kùtùkùtù dára fún iṣẹ́ náà fún ìdí méjì. Èkíní ni pé oòrùn kò tíì fi tirẹ̀ kún ooru iná. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé àwọ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ ìgbà tí irin gbóná tó. Irin a kọ́kọ́ pọ́n dòdò bí ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà a pọ́n bí ọsàn tí ó pọ́n, lẹ́yìn náà a mọ́lẹ̀ yòò bí ẹni pé yóò funfun. Bí ó bá tutù jù, lílù yóò là á. Bí ó bá sì gbóná kọjá ààlà, yóò jóná. Nínú oòrùn ọ̀sán, ojú kì í lè fi ìyàtọ̀ wọ̀nyí hàn dáradára. Nínú ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń hàn kedere. Nítorí náà ni ìró owú fi ń wà lára ohun àkọ́kọ́ tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ̀mú ni ó di irin mú, ọmọ owú ń bọ̀ lókè, owú ń dáhùn nísàlẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ irú ibẹ̀ jí bá owú nítòótọ́, kì í ṣe nínú orúkọ nìkan.

Ọ̀nà méjì ni a sì lè gbà gbọ́ orúkọ náà. Bí a bá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Ajíbádé, bíbí ni jíjí: ọmọ náà ṣí ojú sáyé, ó bá owú nínú ilé baba rẹ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ti wà kí ó tó dé. Bí a bá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Ajíṣefínní, nǹkan tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni: ẹni tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti jí, owú ni ó ń lọ bá. Èkíní ń yin ìdílé; èkejì ń yin òṣìṣẹ́, ó sì ní adùn oríkì lẹ́nu. Kò pọn dandan láti yan ọ̀kan kí a sì sọ èkejì nù. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ ní Ajíbówú kò ṣàì gbọ́ méjèèjì pọ̀, nítorí nínú ilé alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ó jogún owú ni ó ń jí lọ bá a.

Ohun kan wà tí orúkọ yìí ṣe tí orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù ú lọ kò lè ṣe. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní àmì tirẹ̀ níwájú orúkọ. Àwọn onílù ní Àyàn: Àyánwálé, Àyántúndé, Àyánkúnlé. Àwọn ọdẹ ní Ọdẹ: Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́tọ́lá. Àwọn eléégún ní Ọ̀jẹ̀, àwọn oníṣẹ́-ọnà ní Ọnà, bẹ́ẹ̀ ni Aina Ọnàbólú, ẹni tí ó ṣíwájú àwọn ayàwòrán òde òní ní Nàìjíríà, tí ó sì kú ní 1963, fi ń jẹ́ orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ògún ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi síwájú, ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ni wọ́n ni Ògún. Ọdẹ ń bọ Ògún, jagunjagun ń bọ ọ́, olóòlà ń bọ ọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi irin jẹun ni Ògún ni í ṣe. Ẹni tí ń jẹ́ Ògúnwálé lè jẹ́ ọmọ ọdẹ, ó sì lè jẹ́ ọmọ olóòlà. Ajíbówú kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Ọdẹ kì í ní owú nílé. Bí a bá gbọ́ orúkọ náà, a mọ ilé, a mọ iṣẹ́, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ ìró. Bóyá nítorí pé ó sọ ojú abẹ níkòó báyìí ni kò fi tàn kálẹ̀ rí bí Ògúnwálé: ilé alágbẹ̀dẹ nìkan ni ó lè lò ó.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní ààfin Ilé-Ifẹ̀ ni ojúbọ Ògún Ládìn wà, níbi tí odidi irin ńlá kan wà, tí ó rí bí ẹ̀kán omi. Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ni àwọn ará Ifẹ̀ fi irin náà pè. Kékeré kọ́ ni ọgbọ́n tí a fi ṣe irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìlérú ńlá ti àwọn Òyìnbó nígbà náà. Ní díẹ̀díẹ̀ ni a ó ti máa so irin gbígbóná mọ́ irin gbígbóná. Ilẹ̀ Yorùbá sì ń yọ irin tirẹ̀ láti inú òkúta fúnra rẹ̀. Ní 1904, Bellamy, Òyìnbó kan tí ó jẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ, tẹ àpèjúwe ilé ìyọrin kan jáde ní ìlú ọba; abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ ni ó ti rí i, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń fi amọ̀ mọ ààrò, tí wọ́n ń da èédú àti òkúta irin sí i, tí wọ́n sì ń fi sùúrù dúró tì í tọ̀sán-tòru. Irin tí ọkọ̀ òkun ń kó wá ni ó pa ìyọrin. Ó pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú, kò sì béèrè pé kí a kọ́kọ́ gé igbó fún èédú. Rírọ irin kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ́, àdá, àáké àti ọ̀bẹ ṣì ní ẹni tí ń rọ wọ́n, ṣùgbọ́n irin àjẹkù ni a ń lò báyìí: sípíríìnì ọkọ̀ tí ó ti kú ni àwọn alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn jù, nítorí ó le, ó sì ń mú.

Kò sí àjèjì nínú pé kí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ di orúkọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún Smith, Jámánì kún fún Schmidt, Faransé ní Lefebvre, Húngárì ní Kovács, àwọn Lárúbáwá ní Haddad. Ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Àwọn Hausa a máa pe alágbẹ̀dẹ ní maƙeri. Ìyàtọ̀ wà nínú ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́. Smith kàn ń wí pé alágbẹ̀dẹ ni ọkùnrin náà. Ajíbówú kò dárúkọ alágbẹ̀dẹ rárá; ó dárúkọ òwúrọ̀, ó dárúkọ irin, ó sì fi ọmọ kan sí àárín wọn. Kò sì ṣàì pani lẹ́rìn-ín pé nígbà tí àwọn Sàró dé Èkó pẹ̀lú orúkọ Òyìnbó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ẹni tí ń jẹ́ Smith láàárín wọn kò ní mọ̀ pé orúkọ òun ní ìbátan ní ilé arọ.

Ìgbà náà ni ohun tí ó sọ Ajíbówú di ọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìjọ, ilé-ìwé àti kóòtù fẹ́ kí ènìyàn ní orúkọ méjì, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ìdílé. Ṣáájú èyí, orúkọ ọmọ kì í ṣe orúkọ baba rẹ̀. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba tirẹ̀ láti inú ohun tí ilé ń là kọjá. Nígbà tí àṣà tuntun dé, orúkọ àbísọ ẹnì kan ṣoṣo dúró, ó di ti àwọn ọmọ, ti àwọn ọmọ-ọmọ, títí dé ẹni tí kò fojú rí ẹwìrì rí. Báyìí ni a ṣe rí orúkọ tí ó wà láàyè tí a kò sì sọ ọmọ mọ́. Ẹni tí ń jẹ́ Jíbówú lónìí, ti baba-ńlá rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Orúkọ tí a pè é ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òmíràn ni. Àwọn ènìyàn bí Mọ́jọlá Àgbébí, tí ó bọ́ orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀ ní 1894, jà fún orúkọ Yorùbá, wọ́n sì ṣe é yanjú. Ṣùgbọ́n ìjà náà dá lórí pé kí orúkọ jẹ́ ti Yorùbá; kò kan irú èyí tí yóò kú àti irú èyí tí yóò là.

Ẹ̀sìn ni ó yan èyí. Ọ̀pọ̀ Ògún di Olú ní ẹnu àwọn onígbàgbọ́, Ifá di Olú pẹ̀lú, àwọn ẹlòmíràn a sì sọ Èṣùbíyìí di Jésùbíyìí. Ajíbówú kò dárúkọ òrìṣà kankan. Nítorí náà ìwẹ̀nùmọ́ yìí kò yẹ kí ó kàn án. Síbẹ̀, ojú Ògún ni àwọn ènìyàn fi ń wo owú, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà fi Olú rọ́pò irin. Èyí tí a kò lè yí padà ni a fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù ẹ̀sìn nìkan ni, ẹ̀rù náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bíbélì dárúkọ Tubali-Kaini, alágbẹ̀dẹ idẹ àti irin, nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 4. Irin ni orúkọ Súrà 57 nínú Kùránì, Súrà 34 sì sọ pé Ọlọ́run mú irin rọ̀ fún Ànábì Dáúdà. Mùsùlùmí tàbí Kristẹni tí ó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Ajíbówú kò ṣẹ̀ sí ìwé kankan.

Ìdí tí ó wúwo jù ni pé iṣẹ́ náà kúrò nílé. Ajíbọ́lá kò lè gbó, nítorí kò sí ìran tí kì í fẹ́ ọlá; ẹni tí kò ní in pàápàá a máa fi orúkọ náà tọrọ rẹ̀. Ajíbówú kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀rí ni. Bí kò bá sí owú nínú ilé, orúkọ náà di irọ́, àwọn Yorùbá kì í sì í fẹ́ kí orúkọ ọmọ wọn purọ́. Akọ̀wé tí ọmọ rẹ̀ jí bá àga àti tábìlì kò ní ohun tí yóò fi sọ ọ́ ní Ajíbówú, àyàfi bí ó bá fẹ́ rántí baba rẹ̀. Lónìí, tí àwọn òbí ń fẹ́ orúkọ tí Olúwa, ìfẹ́ tàbí ayọ̀ ṣáájú rẹ̀, orúkọ tí ó jẹ́ pé irin ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò lè rí àyè púpọ̀.

Ẹni tí ó gbé orúkọ náà ga jù ni Sir Olúmúyìwá Jíbówú, adájọ́, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní Kóòtù Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà ní ayé àwọn Òyìnbó. A bí i ní 1899, ó sì kú ní 1959, ọdún kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Òkìkí rẹ̀ kọjá ilé. Ní 1956, òun ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ra kòkó ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e; nítorí náà orúkọ Jíbówú wà lára ìtàn ìṣèlú orílẹ̀-èdè náà di òní. Nínú kóòtù kan náà tí irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jókòó, Kristẹni a fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí a fi Kùránì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a sì fi irin. Ẹni tí ó fi ẹnu kan irin níwájú Adájọ́ Jíbówú ti búra níwájú owú lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Nísinsìnyí tí orúkọ náà ti di ti àdúgbò, ewu mìíràn dé bá a, èyí tí í ṣe ti ìkọsílẹ̀. Láti 1875 tí àwọn míṣọ́nnárì ti pàdé ní Èkó láti fi ìlànà sí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, títí dé ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ ní 1965 àti àwọn ìgbìmọ̀ tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀mọ̀wé kò dákẹ́ lórí àmì ohùn. Pátákó ojú títì kò gbọ́. Jibowu ni ó wà níbẹ̀, gbalasa. Àwọn èrò tí ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá, ń pè é bí ó ti wù wọ́n, àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí Èkó sì ń kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Nínú orúkọ bí Adé tàbí Olú, àṣìpè kò lè ba ìtumọ̀ jẹ́ púpọ̀, nítorí ẹgbẹ̀rún ènìyàn wà láti tún un ṣe. Orúkọ tí àwọn tí ń jẹ́ ẹ kò pọ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá kúrò lórí Jíbówú, owú àgbẹ̀dẹ àti òwú alásọ yóò di ọ̀kan náà, ẹni tí yóò sì sọ pé ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan kò ní rí ẹ̀rí tọ́ka sí. Ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá gbé jáde ní 2003 àti àkójọ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015 ti ṣe púpọ̀ fún irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n fi àmì sórí wọn. Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà máa fi àmì sí i nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́: ohùn òkè mẹ́ta, Jíbówú, bí a bá sì fẹ́ kọ ọ́ ní kíkún, Ajíbówú.

Ìṣe àdúgbò náà kò tilẹ̀ jìnnà sí orúkọ rẹ̀. Awakọ̀ jẹ́ ọmọ Ògún, ibùdókọ̀ sì ni a mọ Jíbówú mọ́. Ní ìhà àríwá, lójú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà, lẹ́yìn Ojota, ni Òwòdè Onírin wà, ọjà tí a ti ń tú ọkọ̀ tí ó ti gbó sí wẹ́wẹ́, tí a sì ń ta irin rẹ̀. Sípíríìnì ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń tú sílẹ̀ níbẹ̀.